Fátúmbí: Òyìnbó tó kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní kó tó ya fọ́tò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó gbé kámẹ́rà wọ ilẹ̀ Áfíríkà láyé àtijọ́ mu. Wọ́n wọ ìlú wa, wọ́n ya àwọn bàbá àti ìyá wa ní fọ́tò, wọ́n sì kó fọ́tò náà lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n yà kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kò sì fojú kan fọ́tò náà títí tó fi kú. Àgbàlagbà tó jẹ́ baálé ilé, tó láya, tó bímọ, tó ní oríkì, á wá di ìran wíwò lásán lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lónìí, àjòjì ni òun náà. Òyìnbó Faransé ni. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ó gbà láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yà. Pierre Verger ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Fátúmbí ni orúkọ tó gbà nídìí Ifá ní ìlú Kétu. Ó so orúkọ méjèèjì pọ̀, Pierre Fátúmbí Verger ló sì ń jẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bí wọ́n ṣe ń yà wá tẹ́lẹ̀

Kí ìtàn náà lè yé wa dáadáa, ó yẹ ká rántí bí nǹkan ṣe rí kí ọkùnrin yìí tó gbé kámẹ́rà. Láàárín ọdún 1909 sí 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Northcote Thomas síṣẹ́ láti ṣe ìwádìí nípa àwọn ènìyàn gúúsù Nàìjíríà, ní agbègbè Ẹdó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ló yà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n á mú ènìyàn dúró, wọ́n á ya ojú rẹ̀ láti iwájú, wọ́n á ní kó yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn, wọ́n á tún ya ìyẹn náà, tòun ti nọ́ńbà, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń ya afurasí. Ohun tí wọ́n ń wá ni irú imú, irú etí àti irú orí tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹni náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n ń wò.

Irú fọ́tò báyìí pọ̀ káàkiri Áfíríkà nígbà náà. Inú ayé tí wọ́n ti ń wo ènìyàn dúdú báyìí ni wọ́n bí Verger sí. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí yóò gbà.

Ọmọ olówó tó fi ilé sílẹ̀

Wọ́n bí Pierre Verger ní ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 1902, ní Paris, olú ìlú ilẹ̀ Faransé. Ọmọ olówó ni. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ìdílé wọn ní, wọ́n sì rí jájẹ. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé kíkà, kò sì ju ọmọ ọdún 17 lọ tó fi pa ilé ìwé tì. Nígbà tó dàgbà, ìgbésí ayé àwọn ọlọ́lá Paris, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ àti ilé díwọ̀n ènìyàn, sú u pátápátá.

Ikú kò jẹ́ kí ilé wọn ó gbádùn. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1915. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kú. Ó wá ku òun àti ìyá rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1932, ìyá náà kú. Verger ti ń sún mọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kò láya, kò bímọ, kò sì sí ẹni tó ń dá a dúró mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Pierre Boucher, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò. Ó ra kámẹ́rà Rolleiflex kan, ó dágbére fún ìgbádùn, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa kámẹ́rà yìí, nítorí pé ó ní ohun tó fi ṣe. Rolleiflex kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé sójú bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Iwájú àyà tàbí ikùn ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó ń lò ó á tẹ orí rẹ̀ ba, á máa wo inú rẹ̀ láti òkè, dígí iwájú rẹ̀ á sì kọjú sí ẹni tí wọ́n ń yà. Ojú ayàwòrán kì í sá pamọ́ sẹ́yìn irin. Lójú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé òyìnbó náà ń tẹríba. Bó sì ti jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà náà ti ń wo òkè, ẹni tí wọ́n yà á dúró gbọin, á ga nínú fọ́tò. Ẹnikẹ́ni tó bá wo fọ́tò Verger yóò rí i pé àgbẹ̀, alápatà, apẹja àti onílù ibẹ̀ máa ń dà bí ọba.

Ó rin ayé já

Láti 1932 lọ, Verger kò dúró lójú kan. Ó lọ sí Tahiti àti àwọn erékùṣù tó yí i ká. Ní 1934, ó bá ìwé ìròyìn Paris kan yí ayé po, ó gba Amẹ́ríkà kọjá dé Jàpáànù àti Ṣáínà. Láàárín 1935 sí 1936, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó dé ibi tó ń jẹ́ Mali lónìí, ó dé Niger, Tógò àti Dàhòmì, ìyẹn ilẹ̀ tó yí orúkọ padà di Benin ní ọdún 1975. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ agbègbè wa. Àmọ́ arìnrìn-àjò ló ṣì jẹ́ nígbà náà. Ó ń wò, ó ń yà, ó sì ń kọjá lọ. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣì bá a wí.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ ológun gbé e dé Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 1940. Ibẹ̀ ló ti mọ Théodore Monod, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn Faransé dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IFAN. Ọkùnrin yìí ṣì máa ràn án lọ́wọ́ níwájú. Láti Dakar, Verger gba gúúsù Amẹ́ríkà lọ, ó sì ṣiṣẹ́ fọ́tò fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lima, olú ìlú Peru, láti 1942 sí 1946.

Bahia, ilé Yorùbá lókè òkun

Ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, ọdún 1946, ni Verger dé Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil. Kò sí òǹkàwé wa tí kò tíì gbọ́ nípa Bahia. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrú, pàápàá nígbà tí ogun ń ja ilẹ̀ wa láàárín ọdún 1800 sí 1850. Àwọn ìyá tó ń din àkàrà lójú pópó ibẹ̀ ń pe ohun tí wọ́n ń tà ní acarajé, ìyẹn àkàrà àti jẹ tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé kò kúrò níbẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ sì ń jẹ́ Kétu títí di òní.

Verger ríṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ńlá kan tó ń jẹ́ O Cruzeiro. Ó lè ya àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú bó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aláàárù, àwọn apẹja, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn tó ń ta capoeira létí òkun ló ń lọ. Kì í tò wọ́n bí ère. Á dúró tì wọ́n títí ara wọn yóò fi balẹ̀, á wá tẹ kámẹ́rà.

Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ló ti mọ Mãe Senhora. Mãe ni àwọn ará Brazil ń pe ìyá. Ìyá yìí ni olórí ilé òrìṣà Opô Afonjá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910. Ó gba Verger bí ọmọ. Nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ gbéra lọ sí Áfíríkà ní ìparí ọdún 1948, ìyá náà fi orí rẹ̀ fún Ṣàngó, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun sí i lọ́rùn. Nígbà tó yá, wọ́n fi í jẹ oyè Ojú Ọba nínú ilé náà. Ẹ wò ó bí orúkọ ṣe ń ro ènìyàn. Ẹni tó fi ojú ṣiṣẹ́ ni Ṣàngó sọ di ojú ara rẹ̀.

Ó jókòó sórí ẹní ní Kétu

Owó ìrànlọ́wọ́ ọdún kan láti ọwọ́ Monod ni Verger fi padà wá sí Áfíríkà. Ohun tó ní lọ́kàn ni kó ya fọ́tò àwọn ọdún òrìṣà ní ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bahia ti wá, kó sì padà. Ó ya nǹkan bí 2,000. Ṣùgbọ́n Monod sọ fún un pé fọ́tò nìkan kò tó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ni ín lára, nítorí pé kò ka ara rẹ̀ sí ọ̀mọ̀wé. Láti lè kọ ọ́, ó di dandan kó bi ènìyàn ní ìbéèrè. Láti lè béèrè, ó ní láti kọ́ èdè. Kí wọ́n sì tó lè dá a lóhùn, ó ní láti jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀.

Báyìí ló ṣe di ọmọ awo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Kò sí Yorùbá tí a ní láti túmọ̀ orúkọ yìí fún: Ifá ló tún un bí. Ọkùnrin tó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tó ti yí ayé po, jókòó bí ọmọdé sórí ẹní níwájú àwọn àgbà tí kò mọ ìwé kà, ó ń kọ́ odù, ó ń kọ́ orúkọ ewé, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé ìgbà tí òun di awo ni òun tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àwọn ohun kan, pé kí òun tó di awo, ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé ni òun.

Ó rin ilẹ̀ Yorùbá já ní ìhà Nàìjíríà àti ní ìhà Dàhòmì. Ó dé Sàkété, Ìfànyìn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣogbo, Ìlóbùú, Abẹ́òkúta àti Ifẹ̀. Ní Èjìgbò, ó wo ọdún Ògìyán, níbi tí ìhà méjì nínú ìlú ti máa ń fi àtòrì na ara wọn. Ó mọ̀ pé ní Bahia, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún òrìṣà tó ń jẹ iyán yìí kan náà, àwọn olùsìn máa ń mú àtòrì, wọ́n á fi kan ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Omi òkun ló wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó rí èkejì rí.

Fọ́tò di ìwé ránṣẹ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ Fátúmbí ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Kò kó fọ́tò lọ sí Paris kí ó tì í mọ́ inú àpótí. Ó kó fọ́tò àwọn ará Bahia wá fún àwọn ará Kétu àti Ọ̀yọ́ wò. Ó kó ti Kétu àti Ọ̀yọ́ lọ fún àwọn ará Bahia. Àwọn tí ẹrú tító ti ya nípa fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tún ń rí ojú ara wọn. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1954, ó to fọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Brazil sínú ìwé kan náà, kí ẹni tó bá ń wò ó lè rí i pé ẹbí kan ni. Ìwé ńlá mìíràn tẹ̀ lé e ní 1957, èyí tí IFAN tẹ̀ jáde, tó lé ní ojú ewé 600.

Kì í ṣe fọ́tò nìkan ló gbé. Ní ọdún 1952, Aláàfin Adéníran Adéyẹmí fi ìwé rán an sí Mãe Senhora ní Bahia, ó sì fi oyè Ìyá Nàsó dá ìyá náà lọ́lá. Ẹdùn àrá àti ṣẹ́ẹ̀rẹ́ Ṣàngó wà lára ohun tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ààfin Ọ̀yọ́ mọ̀ pé Ìyá Nàsó ló ń bójú tó ojúbọ Ṣàngó ti Aláàfin. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe ìyá tó wà lára àwọn tó dá ilé òrìṣà àkọ́kọ́ ti Kétu sílẹ̀ ní Bahia ní ayé ẹrú. Oyè náà padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti orísun, òyìnbó ayàwòrán ló sì gbé e dé.

Ní ọdún 1967, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí àwọn ará Bahia kò gbàgbé. Ọmọ bíbí Mãe Senhora, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mestre Didi, wá sí Kétu, Fátúmbí sì mú un dé iwájú ọba. Ọmọ náà kò lè sọ Yorùbá bí ará ilé, ṣùgbọ́n ó ka oríkì ìdílé wọn, èyí tí wọ́n ti ń fi ẹnu kọ́ ara wọn láti ayé ẹrú wá. Nígbà tí ọba gbọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n júwe agbo ilé Aṣípá fún un, ó sì bá àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé tí kò parí ilé ìwé

Ẹni tó pa ilé ìwé tì ní ọmọ ọdún 17 gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Sorbonne ní Paris ní ọdún 1966. Orí ọ̀rọ̀ òwò ẹrú láàárín Bahia àti etíkun wa ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé, ìwé náà sì jáde ní 1968. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1964, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí òwò Bahia àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jáde. Ní 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ewé Ọ̀sanyìn. Láàárín 1977 sí 1979, ó wà ní Ifẹ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àlejò, kí wọ́n tó sọ ọgbà náà di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987.

Ibi tí ẹnu ti kùn ún

Kò sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ funfun tí kò ní àbàwọ́n kankan, a kò sì ní fi ti Fátúmbí pamọ́. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn fọ́tò ohun awo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1951, O Cruzeiro, ìwé ìròyìn tí Verger ti bá ṣiṣẹ́, gbé fọ́tò àwọn ìyàwó òrìṣà jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètùtù lórí wọn nínú iyàrá. Ayàwòrán mìíràn ló yà á, àkọlé rẹ̀ sì pe àwọn òrìṣà ní amùjẹ̀. Ìtìjú ńlá ló jẹ́ fún àwọn tí wọ́n yà, inú sì bí àwọn olùsìn gidigidi. Verger kò lọ́wọ́ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ya irú ètùtù bẹ́ẹ̀ àti ẹbọ. Díẹ̀ nínú fọ́tò ẹbọ rẹ̀ wọ inú ìwé tí òǹkọ̀wé Faransé kan, Georges Bataille, tẹ̀ jáde ní 1957, ó sì dé ọwọ́ àwọn tí kò mọ ìdí ẹbọ. Títí di òní, àwọn kan ń béèrè bóyá ó yẹ kí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti inú awo jáde rárá. Ìbéèrè náà tọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìfura. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń gbé Ifẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan rò pé ó lọ́wọ́ nínú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa tó sọnù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 2006. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbà pé ojúlówó Orí Olókun, ère idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń wá, wà ní Bahia lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ Verger. Wọ́n rin ìrìn àjò lọ síbẹ̀, wọ́n sì gbé e wá ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àfarawé lásán ni. Ṣóyínká kò fi àṣìṣe náà pamọ́. Ìfura yẹn kò ṣàdéédéé wá. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ṣáájú Fátúmbí ti kó ohun ìní wa lọ, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló sì fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta kéré lójú, ṣùgbọ́n ó dun ni. Ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò rẹ̀ ló jẹ́ pé orúkọ ìlú àti orúkọ ọdún òrìṣà nìkan ló wà lára rẹ̀. Orúkọ onílù, orúkọ ìyá ọlọ́ṣun, orúkọ ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún wọn tó bẹ́ẹ̀ náà kò kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Fátúmbí gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Salvador. Ilé kékeré kan tó kùn ní pupa, àwọ̀ Ṣàngó, ló ń gbé ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tábìlì àti àpótí ìwé ló kún inú rẹ̀. Ọmọ olówó Paris kò wá ọlá mọ́. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà jáde ní 1981. Ní 1988, ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi ilé náà, ìwé rẹ̀ àti gbogbo fọ́tò rẹ̀ jìn ín. Nẹ́gátíìfù bí 62,000 ló wà níbẹ̀ títí di òní. Ní 1995, nígbà tó ti lé ní ẹni 92 ọdún, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé àti egbò Yorùbá jáde, àgúnmu, àgbo àti àwọn iṣẹ́ ewé mìíràn 447 ló wà nínú rẹ̀, tòun ti ọfọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 1996, gbajúmọ̀ olórin Brazil, Gilberto Gil, wá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún fíìmù kan. Bàbá náà kò purọ́ fún un. Ó jẹ́ kó yé e pé làákàyè àwọn Faransé tí wọ́n fi tọ́ òun kò fi òun sílẹ̀, pé òun kò lè gun òrìṣà bí àwọn yòókù, àti pé ó dun òun. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 11, ó dágbére fún ayé ní ẹni ọdún 93.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

A lè bọ̀wọ̀ fún ohun tí a kò gbàgbọ́ tán. Fátúmbí fi ìyẹn hàn. Ó tún fi hàn pé ìwà ẹni tó di kámẹ́rà mú ló ń sọ irú fọ́tò tí yóò yà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí onílé, tó jókòó, tó jẹun, tó kọ́ èdè, tó sì padà wá fi fọ́tò náà han àwọn tó yà, fọ́tò rẹ̀ á di ohun ìní ẹbí. Ẹni tó bá yà, tó sì sáré lọ, ìran ló wò.

Lóde òní, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọ wa ló sì ń ya àwọn àgbà abúlé báyìí. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa tọrọ àyè kí wọ́n tó ya ènìyàn, pàápàá níbi òkú, níbi ètùtù àti lórí ibùsùn àìsàn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní fọ́tò àtijọ́ nínú àpótí tàbí lára ògiri, ẹ má jẹ́ kí ikán àti òjò bà á jẹ́. Ẹ pe ọmọ tó mọ ìwé kọ, kí ó kọ orúkọ olúkúlùkù sẹ́yìn rẹ̀, orúkọ agbo ilé wọn, àti ọdún tí wọ́n yà á. Fátúmbí gbé fọ́tò wa kọjá òkun, ó sì gbé e padà. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n ló wà.